Oṣù wo ló dáa jù láti kó ẹbí lọ sí ọgbà ìṣeré ńlá?

Ìyá Ọlọ́mọmẹ́ta béèrè:

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí.

Ó pẹ́ tí èmi àti ọkọ mi ti ń tọ́jú owó ká lè kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ìṣeré ńlá. Walt Disney World tó wà nítòsí Orlando, ní ìpínlẹ̀ Florida, lọkàn wa lọ sí. Àmọ́ tẹ́nì kan bá ní ìdí tó fi yẹ ká lọ sí Disneyland Paris, kó sọ, màá gbọ́. Àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ ọdún 13, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún 8, àbíkẹ́yìn wa sì jẹ́ ọmọ ọdún 4. Ìyá ọkọ mi náà ń bá wa lọ. Màmá ti lé ní ẹni 70 ọdún, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu, síbẹ̀ wọ́n ní àwọn ò ní jókòó sílé kí àwọn ọmọ-ọmọ àwọn máa lọ gbafẹ́. Inú wa dùn sí i gan-an, a ò kàn fẹ́ kí ìrìn àjò náà ni wọ́n lára ni.

Oṣù tá a máa lọ ló wá di àríyànjiyàn. Bàbá wọn ní Ọ́gọ́ọ̀sì ló dáa, torí iléèwé ti wọ ìsinmi, kò sẹ́ni tó máa pàdánù ẹ̀kọ́. Ní tèmi, Dìsẹ́ńbà ló wù mí. Mo rí fọ́tò ààfin wọn tí wọ́n fi iná Kérésì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, látọjọ́ yẹn lọkàn mi ò ti kúrò níbẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin wá ń sọ pé ká yọ àwọn ọmọ níléèwé fún ọ̀sẹ̀ kan ní Fẹ́búárì, pé ìgbà yẹn lọgbà máa ń dá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, tàbí tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, èwo ni ká ṣe? Mo fẹ́ kí gbogbo wa gbádùn ẹ̀, látorí màmá dórí ọmọ kékeré.

Adé Gbafẹ́ fèsì:

Ìyá wa, Dìsẹ́ńbà ni kẹ́ ẹ lọ jàre! Kò sígbà tí ọgbà yẹn ń rẹwà tó ìgbà yẹn. Iná lọ́tùn-ún lósì, orin, ìwọ́de àwọn tó múra bí àwọn tí ọmọ ń wò nínú àwòrán, igi Kérésì tó ga fíofío. Kẹ́ ẹ ṣáà má lọ lọ́sẹ̀ Kérésì gangan. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì oṣù náà lẹ lọ, ẹ máa rí gbogbo ẹwà yẹn láìjẹ́ pé èrò ń tì yín síwá sẹ́yìn.

Àǹtí Ẹnu Ìlà fèsì:

Ìyá Ọlọ́mọmẹ́ta, ẹ kú ìmúra o. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ọgbà ìṣeré ńlá kan rí. Ẹnu ìlà ni wọ́n fi mí sí, níbi tí wọ́n ti ń wọn gíga àwọn ọmọ kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n gun ẹ̀rọ. Mo wà níbẹ̀ nígbà ooru, mo wà níbẹ̀ nígbà òtútù, mo mọ ọjọ́ tí èrò ń ya bí omi, mo sì mọ ọjọ́ tí ọmọdé lè gun ẹ̀rọ kan náà léraléra láìsí ẹni tó máa ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tí mo dì mú ni pé ẹni tí agbára ẹ̀ kéré jù nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ ló yẹ kó mú oṣù fún gbogbo yín. Nínú ilé tiyín, ẹni méjì ni: ọmọ ọdún 4 àti màmá. Ọmọ ọdún 13 á gbádùn ara ẹ̀ nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kàlẹ́ńdà iléèwé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe tiyín nìkan. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kún ọgbà yẹn, ìgbà táwọn ọmọ tiwọn bá wà nílé ni wọ́n sì ń dé.

Ọ̀rọ̀ Ọ́gọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bẹ bàbá wọn. Ooru Florida lóṣù yẹn máa ń tó nǹkan bíi 33 lórí ìwọ̀n Celsius lọ́sàn-án, ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ sì ń mú kó le ju bẹ́ẹ̀ lọ lára èèyàn. Bó ṣe ń rí lọ́pọ̀ ọjọ́ rèé. Àárọ̀ á mọ́ kedere, oòrùn á ràn. Tó bá ti ń di nǹkan bí aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán, ojú ọ̀run á ṣú, àrá á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Bí mọ̀nàmọ́ná bá ti ń kọ nítòsí, dandan ni kí àwọn ẹ̀rọ tó wà níta gbangba dúró. Ẹni tó ti tò fún wákàtí kan, tó rí ẹnu ọ̀nà lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, wọ́n lè ní kó jáde. Gbogbo èrò yẹn á wá ya lọ sídìí àwọn ìṣeré tó wà nínú ilé, ìlà ibẹ̀ á sì gùn dé títì. Mo máa ń rí ìyá tó gbé ọmọ sí èjìká, ọmọ ti sùn lọ, òógùn ti mú aṣọ àwọn méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, òjò ti ń kán, wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n máa yà sí. Ọmọ ọdún 4 kì í sọ pé ó ti rẹ òun. Á kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, á ní òun ò lọ síbì kankan mọ́. Orúnkún màmá náà á ti máa sọ ohun kan náà, àmọ́ àgbàlagbà máa ń fara dà á títí tá á fi dalẹ́.

Òótọ́ kan wà tó gbe bàbá wọn díẹ̀ o. Nǹkan bí ọjọ́ 10 Ọ́gọ́ọ̀sì làwọn ọmọ Florida ń padà síléèwé, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará àríwá bíi New York ló máa ń dúró di ẹ̀yìn Labor Day, ìyẹn Mọ́ńdè àkọ́kọ́ ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Torí náà, ìparí Ọ́gọ́ọ̀sì máa ń dá ju Júláì lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀ ni kò mọ ìyẹn. Tí kò bá sí oṣù míì tẹ́ ẹ lè lọ, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù náà ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ dé ọgbà ní kùtùkùtù, kẹ́ ẹ padà sí hòtẹ́ẹ̀lì tó bá ti di ọ̀sán.

Àmọ́ ẹ tún rántí ìjì líle. Àkókò ìjì Òkun Àtìláńtíìkì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 Júùnù, ó sì ń parí ní ọjọ́ 30 Nòfẹ́ńbà. Àárín Ọ́gọ́ọ̀sì sí àárín Ọ̀kítóbà ló máa ń gbóná jù, nǹkan bí ọjọ́ 10 Sẹ̀tẹ́ńbà ló sì ń dé góńgó. Ìjì tí wọ́n ń pè ní Irma mú kí Disney World tilẹ̀kùn ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2017, Ian ṣe bẹ́ẹ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2022, Milton náà ṣe é ní Ọ̀kítóbà 2024. Kì í ṣe ọdọọdún ló ń rí bẹ́ẹ̀, n kò sì fi dẹ́rù bà yín. Ẹni tó bá máa lọ lákòókò yẹn kàn gbọ́dọ̀ ra inṣọ́ránsì ìrìn àjò lọ́jọ́ tó bá sanwó ọkọ̀ òfúrufú ni, torí tí wọ́n bá ti fún ìjì kan lórúkọ, inṣọ́ránsì téèyàn bá rà lẹ́yìn ìyẹn kì í bo wàhálà ìjì náà.

Dìsẹ́ńbà ńkọ́? Adé ò purọ́. Láti Nòfẹ́ńbà ni wọ́n ti ń tan iná Kérésì nínú ọgbà, ẹ ò nílò ọjọ́ Kérésì kẹ́ ẹ tó rí i. Ọ̀sẹ̀ Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà tó máa ń bọ́ sí Tọ́sídè kẹrin Nòfẹ́ńbà, máa ń kún bámúbámú. Lẹ́yìn ẹ̀, ọgbà á rọlẹ̀ díẹ̀ títí di bí àárín Dìsẹ́ńbà. Ọjọ́ 25 Dìsẹ́ńbà sí ọjọ́ 1 Jánúárì ló wá burú jù láàárín ọdún. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí lásìkò yẹn pé Magic Kingdom, ọ̀kan lára àwọn ọgbà tó wà nínú Disney World, kún débi tí wọ́n fi dá àwọn tó ń bọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má gbé màmá lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, mo bẹ̀ yín.

Ohun kan tún wà nípa Dìsẹ́ńbà tí àwọn èèyàn kì í mọ̀ títí tí wọ́n á fi débẹ̀. Láwọn alẹ́ kan, Magic Kingdom máa ń ṣe àríyá Kérésì tó ní tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ lọ́tọ̀. Láwọn ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá mú tíkẹ́ẹ̀tì lásán wọlé gbọ́dọ̀ jáde nírọ̀lẹ́, kò ní rí iṣẹ́ iná alẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wá lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ torí ìyẹn, ọ̀sán ibẹ̀ sì máa ń dá. Ẹni tó ní ọmọ kékeré tó ń tètè sùn lè fi ọgbọ́n mú ọjọ́ yẹn, torí pé ọmọ náà ò ní lè dúró dalẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n máa ń ṣe irú ẹ̀ fún Halloween náà, láti Ọ́gọ́ọ̀sì títí dé ọjọ́ 31 Ọ̀kítóbà. Tìyẹn ò ní kó ọmọ láyà jẹ. Àmọ́ ti Universal, ọgbà ìṣeré míì tó wà ní Orlando níbẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní Halloween Horror Nights, ẹ má ṣe mú ọmọdé débẹ̀ lálẹ́. Wọ́n dìídì ṣe é láti dẹ́rù ba àgbà ni.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín, ìyẹn Fẹ́búárì, ló sún mọ́ ohun tí mo fara mọ́ jù, àmọ́ kì í ṣe Fẹ́búárì látòkè délẹ̀. Presidents' Day, ọjọ́ ìsinmi ìjọba wọn kan, máa ń bọ́ sí Mọ́ńdè kẹta Fẹ́búárì, ọ̀pọ̀ iléèwé Amẹ́ríkà sì ń gba ìsinmi lọ́sẹ̀ yẹn, ọgbà á sì kún. Ọjọ́ ìrántí Martin Luther King, Mọ́ńdè kẹta Jánúárì, náà máa ń kó èrò wá ní ìparí ọ̀sẹ̀ ẹ̀. Àárín àwọn ọjọ́ méjèèjì yẹn ni àyè wà. Lẹ́yìn Presidents' Day, ẹ ò ní pẹ́ bọ́ sínú ìsinmi Máàṣì àti Épírì tí wọ́n ń pè ní spring break, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nìyẹn sì fi ń kún léra wọn títí Ọdún Àjíǹde á fi kọjá.

Màá padà wá sọ̀rọ̀ lórí gíga ọmọ kékeré yẹn, torí ó kan oṣù tẹ́ ẹ máa mú.

Olùkọ́ Onísùúrù fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Kì í ṣe ohun kan náà láti yọ ọmọ ọdún 4, ti ọdún 8 àti ti ọdún 13 níléèwé. Ti ọdún 4, kò sí nǹkan tó máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ti ọdún 8 á bá wọn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti bá tíṣà ẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ti ọdún 13 ló gbẹgẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ orí tuntun nínú ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ á máa wá ìpìlẹ̀ kiri títí táàmù á fi parí. Ẹ wo ìgbà tí ìdánwò àti iṣẹ́ tó ní máàkì bọ́ sí kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ tún béèrè òfin ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé. Àwọn ibì kan wà tí olórí iléèwé lè fọwọ́ sí i wẹ́rẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé òbí tó bá yọ ọmọ níléèwé lọ sí họ́lídè láìgba àṣẹ, bàbá lọ́tọ̀, ìyá lọ́tọ̀, lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì ní kí ọmọ wá sọ fún wa pé àìsàn ló ṣe òun. Ọjọ́ tó bá padà wọlé ló máa sọ gbogbo ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ kọ́ ọ pé kó sọ ló sì máa kù sí i lọ́kàn. Ẹ bá wa sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa máa bá yín wá ọ̀nà.

Bàbá Ìbejì fèsì:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ìyá Ọlọ́mọmẹ́ta, ẹ ní tẹ́nì kan bá ní ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ lọ sí Paris kó sọ. Orúnkún màmá ni ìdí tèmi.

Disney World fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbà ńlá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, Magic Kingdom, EPCOT, Hollywood Studios àti Animal Kingdom, wọ́n sì jìnnà síra wọn débi pé bọ́ọ̀sì tàbí mọ́tò lẹ máa wọ̀ látorí ọ̀kan dórí èkejì. Ní Disneyland Paris, méjì péré ni, ẹnu ọ̀nà wọn kò sì jìnnà síra. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó ń ti àárín ìlú Paris bọ̀ wà nítòsí ibẹ̀ gan-an. Bó bá rẹ màmá lọ́sàn-án, kò sí ariwo, wọ́n á padà sí hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin á máa bá tiyín lọ.

Àmọ́ oṣù tó dáa ní Florida kọ́ ló dáa ní Paris o. Ní Jánúárì, ojú ọjọ́ ibẹ̀ kì í sábà kọjá 7 tàbí 8 lọ́sàn-án, òjò wẹ́wẹ́ sì lè bá yín nínú ìlà. Èmi á ní kẹ́ ẹ lọ ní àárín Sẹ̀tẹ́ńbà sí ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀kítóbà, tàbí ní ìdajì àkọ́kọ́ Júùnù. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé ṣì wà níléèwé nígbà yẹn, torí ìbẹ̀rẹ̀ Júláì ni wọ́n ń wọ ìsinmi ńlá. Ẹ sá fún oṣù Méè: ọjọ́ ìsinmi ìjọba pọ̀ níbẹ̀, ọjọ́ 1, ọjọ́ 8, Ọjọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run tó sábà máa ń bọ́ síbẹ̀, àwọn èèyàn á sì so ó mọ́ ìparí ọ̀sẹ̀. Ìsinmi ìgbà òtútù wọn ló tún ń rú àlejò lójú jù. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè náà sí agbègbè A, B àti C, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kì í sì í jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ lè rò pé ìsinmi ti parí ní Fẹ́búárì, kó jẹ́ pé agbègbè míì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Tẹ́nì kan bá ń ka èyí tó ń ronú nípa ọgbà míì, kó kọ́kọ́ wò bóyá ó máa ń ṣí lóṣù yẹn. Europa-Park ní Jámánì máa ń tilẹ̀kùn láti àárín Jánúárì títí wọ ìparí Máàṣì. Legoland tó wà ní Billund, ní Dẹ́ńmáàkì, máa ń tì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nígbà òtútù. Abu Dhabi ló yàtọ̀: inú ilé ni èyí tó pọ̀ jù nínú Ferrari World àti Warner Bros. World wà, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ síbẹ̀, torí náà ooru tó ń lé ní 40 níta kò kan àwọn tó wà nínú.

Ìyá Ọlọ́mọmẹ́ta fèsì:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún bàbá wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ àrá àti mọ̀nàmọ́ná, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní ká gbé Ọ́gọ́ọ̀sì tì.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lọ́kàn torí màmá, àmọ́ Florida làwọn ọmọ ń dárúkọ lójoojúmọ́. Olùkọ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò: ìdánwò àkọ́bí mi bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì Dìsẹ́ńbà gangan. Iná Kérésì tèmi ti bómi lọ nìyẹn. Ó dùn mí, àmọ́ ó ti yé mi. Ìparí Jánúárì ló wá kù. Iléèwé ní àwọn á gbà, tá a bá kọ lẹ́tà ṣáájú.

Ohun tó ń kọ mí lóminú báyìí ni òtútù. Màmá kì í fẹ́ òtútù rárá. Àti pé ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń ti àwọn ẹ̀rọ kan pa nígbà yẹn? Àǹtí, ẹ sì tún sọ pé ẹ máa sọ̀rọ̀ lórí gíga ọmọ mi. Mo wọ̀n ọ́n lánàá, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 96.

Àǹtí Ẹnu Ìlà fèsì:

Ìyá Ọlọ́mọmẹ́ta, ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí gíga, torí ibẹ̀ ni mo ti rí omijé jù.

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní gíga tí ọmọ gbọ́dọ̀ tó. Ní Magic Kingdom, Seven Dwarfs Mine Train ń béèrè 97, Space Mountain ń béèrè 112. Ọmọ yín ku sẹ̀ǹtímítà kan péré sí ti àkọ́kọ́. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ ọ̀pá ìwọ̀n kì í mọ ojú ẹnikẹ́ni. Bó ṣe máa ń rí ni pé ọmọ á ti tò pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ẹ̀, á dé iwájú mi, màá ní kó bọ́ fìlà, kó fẹ̀yìn ti ògiri. Á na ọrùn. Á gbé àyà sókè. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á máa sọ pé, "Dúró dáadáa, dúró dáadáa." Màá mú ọ̀pá bọ̀ lókè orí ẹ̀, ọ̀pá á kọjá láìkan irun. Kò sí ohun tí mo lè ṣe. Bẹ́líìtì àti irin tó ń di èèyàn mú lórí ẹ̀rọ, ara tó bá tó ìwọ̀n yẹn ni wọ́n ṣe é fún, ọmọ tí kò bá tó o lè yọ́ jáde lábẹ́ ẹ̀.

Ọmọ ọjọ́ orí yẹn máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 ga sí i lọ́dún. Tó bá jẹ́ 96 lónìí, á ti kọjá 97 dáadáa kí oṣù tẹ́ ẹ̀ ń lọ tó pé, bí àyè oṣù mélòó kan bá ṣì wà níwájú yín. Ìdí tí mo fi sọ pé ó kan oṣù nìyẹn: ẹni tí ọmọ ẹ̀ bá wà lẹ́nu ààlà bẹ́ẹ̀ lè sún ìrìn àjò síwájú díẹ̀, kí ọmọ náà lè gun ohun tí yóò máa rántí. Ti 112, kò lè tó o báyìí, kẹ́ ẹ sì ti sọ fún un láti ilé. Ọmọ tó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ìlà. Tí àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá fẹ́ gun Space Mountain, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ẹnu ìlà pé ẹ fẹ́ Rider Switch. Bàbá wọn á bá wọn lọ, ẹ̀yin á dúró ti kékeré, tí wọ́n bá dé, ẹ̀yin náà á gùn ún láìtún tò láti ẹ̀yìn.

Òtútù wá ńkọ́. Ọ̀sán Orlando ní Jánúárì máa ń tó nǹkan bíi 22, òru sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 10. Àwọn ọjọ́ kan wà tí afẹ́fẹ́ àríwá máa ń fẹ́ wọlé, ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè tutù ju ìyẹn lọ láàárọ̀. Fún màmá, súwẹ́tà tó ṣe é bọ́ kúrò lọ́sàn-án ló dáa ju kóòtù ńlá kan lọ, kí fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ wà nínú báàgì. Ẹ má retí ọgbà omi o. Wọ́n máa ń ti ọ̀kan pa fún àtúnṣe nígbà òtútù, èyí tó ṣẹ́ kù sì lè má ṣí lọ́jọ́ tó bá tutù jù. Tí ọmọ ọdún 8 yẹn bá fẹ́ràn omi gan-an, ẹ mú hòtẹ́ẹ̀lì tó ń gbé omi adágún ìwẹ̀ ẹ̀ gbóná.

Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń ti àwọn ẹ̀rọ kan pa. Ìgbà tí èrò bá dín kù ni wọ́n ń tún wọn ṣe, Jánúárì àti Fẹ́búárì sì wà lára ìgbà náà. Orúkọ wọn máa ń wà lórí ìkànnì ọgbà náà ṣáájú. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dárúkọ ohun kan tó fẹ́ gùn jù lọ, ohun kan péré, kẹ́ ẹ wá fi orúkọ yẹn wé èyí tí wọ́n fẹ́ tì. Bí ọ̀kan bá bọ́ síbẹ̀, ẹ sún ọjọ́ náà. Ọgbà náà tún lè tètè tilẹ̀kùn ju ti ìgbà ooru lọ. Fún ilé yín, èmi ò ka ìyẹn sí àdánù, torí ẹni méjì nínú yín á ti fẹ́ sùn.

Ọjọ́ gangan wá. Tó bá jẹ́ 2027 lẹ fẹ́ lọ, ọjọ́ ìrántí Martin Luther King bọ́ sí ọjọ́ 18 Jánúárì, Presidents' Day bọ́ sí ọjọ́ 15 Fẹ́búárì. Ohun témi á mú ni ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 25 Jánúárì, tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ má lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ Jánúárì, torí àwọn sárésáré Walt Disney World Marathon máa ń kún ibẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n sì máa ń ti àwọn ọ̀nà kan pa láàárọ̀. Túsídè, Wẹ́sídè àti Tọ́sídè ni kẹ́ ẹ fi sí ọgbà tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù, kẹ́ ẹ fi Sátidé sinmi.

Ọ̀nà kan tún wà láti mọ̀ bóyá mo ń sọ òótọ́. Láti 2018 ni iye tí Disney World ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ti ń yàtọ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Àwọn ló mọ iye èrò tí wọ́n ń retí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà tíkẹ́ẹ̀tì wọn, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tí owó ẹ̀ kéré jù. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ wá kàlẹ́ńdà iléèwé Orange County, torí ìjọba ìbílẹ̀ tí Orlando wà nìyẹn, kẹ́ ẹ rí i pé kò sí ìsinmi kankan lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ mú.

Fún màmá, ẹ má dúró dìgbà tí orúnkún bá bẹ̀rẹ̀. Àga oníkẹ̀kẹ́ wà fún yíyá lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbà á láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, bí wọ́n tilẹ̀ ní àwọn lè rìn. Wọ́n lè máa tì í kiri fúnra wọn títí tó bá fi rẹ̀ wọ́n, báàgì á sì wà lórí ẹ̀.

Adé Gbafẹ́ fèsì:

Àǹtí, ẹ ti là mí lóye o. Ìyá wa, iná Kérésì tún máa wà lọ́dún míì, nígbà tí kékeré yẹn bá ti ga tó Space Mountain.

Ìyá Ọlọ́mọmẹ́ta fèsì:

Àmín o, Adé! Àǹtí, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Mo ti ṣí kàlẹ́ńdà tíkẹ́ẹ̀tì náà, ọ̀sẹ̀ ọjọ́ 25 Jánúárì yẹn wà lára àwọn tó rọjú jù lóòótọ́. Bàbá wọn ti ń kọ lẹ́tà iléèwé báyìí. Màmá ní àwọn ò jókòó sórí àga kankan. Díẹ̀díẹ̀ ni màá máa bá wọn sọ ọ́.

Àǹtí Ẹnu Ìlà fèsì:

Ẹ sọ fún màmá pé ọmọ ọdún 4 ló máa jókòó sórí ẹ̀, pé àwọn ni wọ́n á máa tì í. Wọ́n á gbà. Tẹ́ ẹ bá sì ti rí orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ tì lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ kọ wọ́n síbí, kí n bá yín wo èyí tí ọmọ kékeré lè fi dípò.